Orin àti Oògùn: Ìtàn Bí Orin Ṣe Di Ìkejì Oògùn Nínú Ìtọ́jú Ọkàn Tó Rẹ̀wẹ̀sì

 

Ìfáárà

Kí n tó wọnú ìtàn, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún 11, àbúrò bàbá mi obìnrin kan pàdánù ọmọ kan ṣoṣo tí ó bí. Kò sunkún. Ó jókòó sí igun yàrá, kò jẹun, kò sùn, kò sì dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà fún un ní oògùn oníhóró tí yóò máa lò ní alaalẹ́, ìyá mi ni ó sì ń fún un lò. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́, kí àkókò oògùn tó tó, àwọn obìnrin ilé a gbé atẹ ẹ̀gúsí wọn wá sí iwájú yàrá náà, wọn a máa bó o, wọn a sì máa kọrin. Wọn kì í bẹ̀ ẹ́ pé kí ó gbè é. Wọn kì í sọ fún un pé kí ó gbàgbé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn ṣi ìlà orin kan dá. A gbọ́ ohùn láti inú yàrá pé, “Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń dá a.” Ẹni tí kò sọ̀rọ̀ láti bí oṣù kan ni ó ń sọ̀rọ̀. Ó dá orin náà bí ó ti yẹ kí wọ́n dá a, wọ́n sì gbè é.

Ó pẹ́ kí ara rẹ̀ tó le dáadáa. Nígbà tí àwọn kan nínú agbo ilé ń jiyàn bóyá oògùn ni tàbí orin, ìyá mi, ẹni tí kò mọ̀wé, ni ó dá wọn lóhùn pé, “Oògùn ni ó jẹ́ kí ó sùn, orin ni ó jẹ́ kí ó jí.”

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi. Ohun tí mo fẹ́ ṣe lónìí ni láti fi ìtàn dán an wò. Èrò mi ni pé níbikíbi tí orin ti ran ọkàn tó rẹ̀wẹ̀sì lọ́wọ́ ní ti gidi, ẹnìkejì ni ó jẹ́. Oògùn wà níbẹ̀, tàbí ìtọ́jú mìíràn. Àwọn ènìyàn sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá yọ orin kúrò nínú ìtọ́jú ń pàdánù. Ẹni tí ó bá sì fi orin lé oògùn jáde ń fi ẹ̀mí ènìyàn ṣeré.

Orúkọ àìsàn náà

Kí a tó sọ̀rọ̀ ìtọ́jú, ó yẹ kí a mọ ohun tí à ń tọ́jú. Àìsàn méjì ni mo ní lọ́kàn: ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti àìbalẹ̀ ọkàn. Èmi kò sọ̀rọ̀ nípa ìbànújẹ́ ọjọ́ kan, tàbí ìpayà ẹni tí ó fẹ́ ṣe ìdánwò. Ohun tí mo ń sọ ni èyí tí ó ń gbé ènìyàn dè fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, tí ó ń gba oorun àti oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó ń mú kí ó máa rò pé òun kò wúlò fún ẹnikẹ́ni, tí ó sì lè mú kí ó máa wá ikú ara rẹ̀.

Ní ọdún 1953, dókítà òyìnbó kan tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Kenya, J. C. Carothers, kọ ìwé kan fún Àjọ Ìlera Àgbáyé nípa ọpọlọ ọmọ Áfíríkà. Ó wí níbẹ̀ pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ṣọ̀wọ́n láàárín wa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ ní ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá yóò béèrè pé, bí àìsàn náà kò bá sí, kí ni a fi gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ṣe? A ń sọ pé inú bàjẹ́; láti ibẹ̀ ni ìbànújẹ́ ti wá. A ń sọ pé ọkàn kò balẹ̀, pé àyà ń já, pé ìbànújẹ́ sorí àgbà kodò. Ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ gbólóhùn ìkẹyìn yìí ti rí ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì mú rí, nítorí bí onítọ̀hún ti ń jókòó gan-an ni ó yà sílẹ̀ fún wa.

Ìwádìí fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Alexander Leighton láti Amẹ́ríkà àti Thomas Adéoyè Lámbò pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ sí àwọn abúlé agbègbè Abẹ́òkúta, wọ́n sì tẹ ìwé àbájáde wọn jáde ní ọdún 1963. Wọ́n rí i pé àwọn ará abúlé kò ní orúkọ kan pàtó tí wọ́n fi ń pe ìrẹ̀wẹ̀sì gẹ́gẹ́ bí àìsàn, ṣùgbọ́n àwọn àmì rẹ̀ wà lára wọn, wọ́n sì lè ṣàlàyé wọn. Ní ọdún 1987, R. O. A. Makanjuola kọ̀wé lórí àìsàn tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní ọdẹ orí. Ẹni tí ó ń ṣe a máa sọ pé nǹkan ń rìn nínú orí òun, pé etí òun ń hó, pé àyà òun ń lù kìkì. Nígbà tí a bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ìrẹ̀wẹ̀sì àti àìbalẹ̀ ọkàn ni a sábà máa ń bá nídìí rẹ̀. Àìsàn náà kò sá fún wa. Orí àti àyà ni ó gbà wọlé.

Lójú tèmi, ẹni tí ó gbọ́ ìlù wa láti òkèèrè tí kò gbọ́ èdè ìlù náà lè rò pé ayọ̀ nìkan ni a ń lù. Àwọn àgbà ti kìlọ̀: bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Nínú ìlù àti orin tí àwọn àlejò fi ń pè wá ní aláyọ̀ ènìyàn ni ẹ̀rí ìbànújẹ́ wa wà. Èmi yóò padà sórí èyí.

Ọba méjì

Ìtàn tí ó gbajúmọ̀ jù lọ nípa orin àti ọkàn tó dàrú ni ti Ọba Sọ́ọ̀lù. Nínú orí 16 ìwé Sámúẹ́lì Kìíní, a kà pé nígbà tí ẹ̀mí búburú bá dé sí ọba náà, Dáfídì a ta dùùrù fún un, ara a sì tù ú. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oníwàásù máa ń dúró sí. Ẹ jẹ́ kí a ka orí 18. Níbẹ̀, Dáfídì ń ta dùùrù bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, ọba sì ju ọ̀kọ̀ sí i láti gún un mọ́ ògiri. Dùùrù kan náà ni, ọwọ́ kan náà ni, aláìsàn kan náà ni. Nígbà tí ó jẹ́ pé ẹni tí ń ta dùùrù gan-an ti di ohun ìlara fún aláìsàn, orin kò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó kọ ìtàn náà mọ ohun tí ó ń sọ.

Ọba kejì ni Philip Karùn-ún ti Sípéènì. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bá a jà fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń kọ̀ láti dìde lórí ibùsùn, láti wẹ̀ àti láti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìjọba. Ní ọdún 1737, ayaba rẹ̀, Elisabeth Farnese, ránṣẹ́ pe Carlo Broschi, olórin ará Ítálì tí gbogbo Yúróòpù mọ̀ sí Farinelli. Ọba gbọ́ ohùn rẹ̀, ó sì gbádùn rẹ̀ débi tí wọn kò fi jẹ́ kí Farinelli padà lọ sórí ìtàgé mọ́. Ó ń kọrin fún ọba lálaalẹ́ títí ọba fi kú ní ọdún 1746. Àwọn tí ń sọ ìtàn yìí sábà máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé orin wo ọba sàn. Bí ó bá wò ó sàn, kí ni ó tún ń kọrin fún un ṣe fún ọdún mẹ́sàn-án? Orin gbé ọba ró, kò mú àìsàn náà kúrò.

Ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa

Àwa náà kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ wo rárà ìyàwó, tí àwọn mìíràn ń pè ní ẹkún ìyàwó, tí a mọ̀ dáadáa ní agbègbè Ọ̀yọ́. Ọmọbìnrin tí ó ń lọ sí ilé ọkọ yóò lọ bá bàbá, ìyá àti àwọn ẹbí rẹ̀, yóò máa sun rárà, yóò sì máa sunkún. Ọjọ́ ayọ̀ ni wọ́n ń pè é, síbẹ̀ àṣà fún un ní àǹfààní láti sọ ẹ̀rù tí ó ń bà á: ẹ̀rù ilé àjòjì, ẹ̀rù àgàn, ẹ̀rù kíkúrò lọ́dọ̀ ìyá. Ẹ wo ìrèmọ̀jé, tí àwọn ọdẹ máa ń sun nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ìṣípà fún ọdẹ ẹlẹgbẹ́ wọn tí ó kú. Àwọn ọkùnrin tí a mọ̀ pé ẹranko búburú kì í bà lẹ́rù ni wọ́n ń fi ohùn arò pe òkú ọ̀rẹ́ wọn.

Kì í ṣe pé mo ń sọ pé àwọn baba wa dá rárà ìyàwó sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìtọ́jú àìsàn. Ohun tí mo ń sọ ni pé wọ́n fún ìbànújẹ́ àti ìpayà ní ààyè, ní ohùn, ní ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò parí, àti ní àwọn ènìyàn tí yóò gbọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni oríkì. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun kì í ṣe nǹkan kan. Ìyáàlù dùndún tí ó pe oríkì orílẹ̀ rẹ̀ ń sọ fún un pé kò dá wà, pé ó ti ibìkan wá. Ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa jẹ: oríkì kan náà lè rán ọmọ òrukàn létí ẹni tí ó máa ń kì í tẹ́lẹ̀. Ohun tí ó ń tu ẹnìkan nínú lè tún ọgbẹ́ ẹlòmíràn dá.

Nígbà tí àìsàn bá sì le, àwọn oníṣègùn wa kò fi orin àti ọfọ̀ nìkan ṣe é. Wọ́n ń lo egbò asofẹ́yẹjẹ. Ní ọdún 1960, Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta, kọ̀wé lórí bí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ní Nàìjíríà ṣe ń fi irú igi yìí tọ́jú wèrè. Láti ara ẹbí igi náà ni wọ́n ti ń rí oògùn reserpine, tí àwọn ọsibítù òyìnbó ń lò fún àìsàn ọpọlọ ní àwọn ọdún 1950, kí àwọn oògùn mìíràn tó gba ipò rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń sọ lónìí pé ìlù àti orin ni ìṣègùn Yorùbá, àti pé oògùn jẹ́ ti òyìnbó, kò mọ ìṣègùn Yorùbá. Bẹ́ẹ̀ sì ni kí a má fi òótọ́ pamọ́: ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti pàṣán wà ní ọ̀pọ̀ ilé ìtọ́jú wèrè àtijọ́. Kì í ṣe gbogbo ohun tí a jogún ni ó yẹ kí a tọ́jú pa mọ́.

Arò, ọdún 1954

Ìjọba amúnisìn dá ilé wèrè sílẹ̀ ní Kàlàbá ní ọdún 1904 àti ní Yábàá ní ọdún 1907. Ìsémọ́lé ni wọ́n kọ́kọ́ fi wọ́n ṣe ju ìtọ́jú lọ. A mú aláìsàn kúrò láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀, a tì í mọ́bẹ̀, ohùn tí ó mọ̀ kò sì dé etí rẹ̀ mọ́.

Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta tí a bí ní ọdún 1923, kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Birmingham, ó sì kọ́ nípa àìsàn ọpọlọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ó gba iṣẹ́ ní Arò, kíkọ́ ọsibítù náà kò tíì parí. Ẹlòmíràn ìbá jókòó de àwọn kọ́lékọ́lé. Ní ọdún 1954, Lámbò tọ àwọn ará abúlé tí ó yí ọsibítù náà ká lọ, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sí ilé wọn. Owó ilé ń wọlé fún wọn, wọ́n sì rí owó yá láti tún ilé wọn ṣe. Aláìsàn kọ̀ọ̀kan ní láti mú ó kéré tán ìbátan kan dání: ìyá, ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí àǹtí. Ìbátan náà ni yóò máa dáná fún un, tí yóò máa fọ aṣọ rẹ̀, tí yóò mú un lọ gba ìtọ́jú ní òwúrọ̀, tí yóò sì mú un padà sí abúlé ní ọ̀sán.

Ní ọsibítù, oògùn ìgbàlódé ni wọ́n ń lò, wọ́n sì ń lo iná mànàmáná fún àwọn tí ó yẹ. Ní abúlé, Lámbò gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ síṣẹ́ láti máa darí ìpéjọ àti ìgbòkègbodò àwọn aláìsàn ní ìlànà àṣà wọn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan bínú sí i pé ó ń bá adáhunṣe ṣe pọ̀. Ìtàn ti dá a láre: àwọn dókítà láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè wá sí Abẹ́òkúta fún àpérò ní ọdún 1961, Lámbò sì di igbákejì ọ̀gá àgbà ní Àjọ Ìlera Àgbáyé nígbẹ̀yìn. Ó kú ní ọdún 2004.

Kò sí ẹni tí ó pe Arò ní ilé ìfi-orin-tọ́jú-ọkàn, èmi náà kò pè é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ìyá mi sọ ni Arò sọ di ètò. Oògùn ní òwúrọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, àwùjọ tí ó gbọ́ èdè aláìsàn, tí ó mọ eré rẹ̀, tí ó sì mọ orúkọ rẹ̀.

Bí orin ṣe di iṣẹ́ àkọ́mọ̀ọ́ṣe

Ní nǹkan bí ọdún 10 ṣáájú Arò, ogun àgbáyé kejì ti kún àwọn ọsibítù Amẹ́ríkà fún àwọn ọmọ ogun tí ara àti ọkàn wọn bàjẹ́. Àwọn olórin ń wá síbẹ̀ láti kọrin fún wọn. Àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì rí i pé ó ń ṣe wọ́n láǹfààní, ṣùgbọ́n wọ́n tún rí i pé inú rere nìkan kò tó. Ẹni tí yóò fi orin tọ́jú aláìsàn gbọ́dọ̀ mọ àìsàn. Nítorí náà, ìlànà ẹ̀kọ́ ìfi-orin-tọ́jú-ọkàn bẹ̀rẹ̀ ní Michigan State ní ọdún 1944, ó sì tẹ̀ lé e ní Yunifásítì Kansas ní ọdún 1946. Wọ́n dá ẹgbẹ́ àpapọ̀ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1950. Ní Bìrìtìkó, Juliette Alvin, obìnrin tí ń ta sẹ́lò, dá ẹgbẹ́ ti ilẹ̀ náà sílẹ̀ ní ọdún 1958.

Ìwádìí tí ó wú mi lórí jù wá láti orílẹ̀-èdè Finland. Ní ọdún 2011, Jaakko Erkkilä àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde iṣẹ́ tí wọ́n ṣe pẹ̀lú ènìyàn 79 tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń ṣe. Gbogbo wọn ń gba ìtọ́jú tí ó wọ́pọ̀, títí kan oògùn. Àwọn 33 nínú wọn tún ń rí olùfi-orin-ṣètọ́jú fún ìgbà 20, wákàtí kan nígbà kọ̀ọ̀kan. Wọn kò jókòó gbọ́ orin lásán. Aláìsàn àti olùtọ́jú ní irú ohun èlò kan náà níwájú, wọ́n jọ ń lù ú láìsí orin tí a kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn náà wọn a jọ sọ̀rọ̀ nípa ohun tí ó jáde. Ọ̀kan nínú àwọn ohun èlò náà ni jẹ́ḿbẹ́, ìlù àwọn Mandé, ará ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà níhìn-ín. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìrẹ̀wẹ̀sì àti àìbalẹ̀ ọkàn àwọn 33 yìí fúyẹ́ ju ti àwọn tó kù lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di oṣù mẹ́fà, ìyàtọ̀ náà ti dínkù gan-an.

Ní ọdún 2017, àwọn olùwádìí kan, Sonja Aalbers ni aṣíwájú wọn, kó irú ìwádìí mẹ́sàn-án jọ, tí ènìyàn 421 kópa nínú wọn. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí a bá fi orin kún ìtọ́jú tí ó wọ́pọ̀, ìrẹ̀wẹ̀sì ń dínkù ju bí a bá lo ìtọ́jú náà nìkan lọ, ó kéré tán fún ìgbà díẹ̀. Àìbalẹ̀ ọkàn náà ń dínkù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ náà: “bí a bá fi kún.” Wọn kò sọ pé bí a bá fi rọ́pò.

Ìkádìí

Kí ni a óò wá ṣe? Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ fi lé yín lọ́wọ́.

Èkíní, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba oògùn lọ́wọ́ aláìsàn nítorí pé orin dùn, ìbáà jẹ́ orin ìjọ, orin òrìṣà tàbí ti ọnísìnmí. Ọ̀rẹ́ mi kan wà tí àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ ní kí ó da oògùn rẹ̀ nù, nítorí pé ó jó, ó sì rẹ́rìn-ín ní ọjọ́ mẹ́ta léraléra. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, àwa kan náà ni a ń du ẹ̀mí rẹ̀ ní ọsibítù. Ijó náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ìwọ̀n tirẹ̀ ni ó lè ṣe.

Èkejì, kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí yóò mọ ìlù tí wọn yóò sì mọ àìsàn. Ẹ̀ka orin àti ẹ̀ka ìṣègùn wà lórí ilẹ̀ kan náà ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, ṣùgbọ́n wọn kì í sábà kí ara wọn. Ẹni tí yóò lu ìlù fún ọkàn tó gbọgbẹ́ gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí yóò dákẹ́.

Ẹ̀kẹta, kí a gba ohùn àwọn ìyá tí ó ṣì mọ rárà ìyàwó àti àwọn ọdẹ tí ó ṣì mọ ìrèmọ̀jé sílẹ̀, kí wọ́n tó lọ. Ṣùgbọ́n gbígbà á sílẹ̀ nìkan kò tó. Lónìí, ọ̀dọ́ kan lè jókòó sí yàrá tí ó háyà ní ìgboro, kí ó ki ohun ìgbọ́rin bọ etí, kí ó máa gbọ́ orin láti àárọ̀ di alẹ́, kí ọkàn rẹ̀ sì máa rì síi. Orin pọ̀ ní etí rẹ̀ ju ti àbúrò bàbá mi lọ. Ohun tí kò ní ni àwọn obìnrin tí wọ́n gbé atẹ ẹ̀gúsí wá sí ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n ní sùúrù láti kọrin títí ẹni tí ó wà nínú òkùnkùn yóò fi rí ìdí tí ó fi yẹ kí ó la ẹnu.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Oògùn ní ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kò dé. Orin náà sì ní tirẹ̀. Bí a bá so méjèèjì pọ̀, tí a sì fi ènìyàn sí àárín wọn, a ó ti ṣe ohun tí Arò bẹ̀rẹ̀.